“Mò Ń Bọ̀” Lẹ́nu Géètì

Nínú gbogbo ọjọ́ tó wà nínú iṣẹ́ yìí, ọjọ́ tí àwọn àlejò òkè òkun bá ń lọ ni mo kórìíra jù. Ọjọ́ dídé wọn kò burú. Lọ́jọ́ dídé, gbogbo ilé á wẹ̀, a ó kun àwọn ọmọ ní ìpara, a ó tò wọ́n sẹ́nu géètì bí ìgò ẹlẹ́rìndòdò, wọn á kọrin, àwọn àlejò á rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn á fi pọ́n. Lọ́jọ́ lílọ, ẹkún ni. Àlejò á sunkún, ọmọ á sunkún, Pásítọ̀ tó ni ilé á fi áńkáṣíìfù nu ojú tí kò tutù. Tí ọkọ̀ bá ti gbé wọn lọ sí pápákọ̀ òfurufú, ẹkún tiwọn á tán, ti àwọn ọmọ á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó ń san án, èmi rèé.

Èmi ni ìyá yàrá àwọn ọmọbìnrin kéékèèké nílé ọmọ aláìlóbìí yìí. Màmá Aláriwo ni àwọn ọmọ ń pè mí, n kò sì bá wọn jà sí i, torí mo ń pariwo lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀dì onírin mẹ́jọ ló wà nínú yàrá mi, rọ́bà wà lórí fóòmù kọ̀ọ̀kan nítorí àwọn tó ń tọ̀ sílé. Ògiri yàrá náà tutù láti ìsàlẹ̀ dé ìdajì, ó sì máa ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ. Èyí tó ń tọ̀ wà níbẹ̀, èyí tó ń fi oúnjẹ pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí wà níbẹ̀, èyí tó ń jí pe orúkọ ẹni tó ti kú náà wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá lè pariwo kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀bá fèrèsé ni ti Bọ́tìnnì. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn bí? Rárá o. Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n rìn dáadáa. Ìyá rẹ̀ ti kú, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló gbé e wá nínú òjò. Obìnrin náà fi aṣọ bo orí, omi ń ro tótó lára rẹ̀, ó ní òun kò ní ibi tí òun fẹ́ sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ká ṣe ojú àánú kí òun lọ wá iṣẹ́ àti yàrá, òun á padà wá mú ọmọ àbúrò òun. Ó sọ̀rọ̀ sí ọmọ náà létí kó tó lọ. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti fẹ́ jáde nínú yàrá, Bọ́tìnnì á fi igbe bọnu. Igbe tí mo ń wí kì í ṣe ẹkún ọmọdé tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé iná ló ń jó ọmọ. Á di bọ́tìnnì ẹ̀wù ẹni náà mú, kò ní jẹ́ kó lọ, títí bọ́tìnnì á fi já. Nígbà tó fi pé oṣù bíi mélòó kan, kò sí bọ́tìnnì tó ṣẹ́kù lára aṣọ iṣẹ́ mi, pín-ìn-nì ni mo fi ń so ó pọ̀ káàkiri.

Èmi ni mo kọ́ ọ ní “mò ń bọ̀”. N kò fi ìwé kọ́ ọ, ẹsẹ̀ ni mo fi kọ́ ọ. Màá ní, “Bọ́tìnnì, mò ń bọ̀,” màá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, màá wọlé padà. Igbe ni. Màá tún jáde, màá tún wọlé. Nígbà tó yá, mo ń lọ dé ibi okùn tí a ń sá aṣọ sí. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ń lọ dé ibi ẹ̀rọ omi lẹ́yìn ilé ìdáná. Bí mo bá wà nínú ilé ìwẹ̀ tí ọṣẹ wà lójú mi, tí mo sì ti sọ pé mò ń bọ̀, màá fi ọṣẹ lójú sáré wá. Lọ́jọ́ kan, mo ń lọ ọjà, mo ní, “Mò ń bọ̀,” ọmọ náà wò mí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ki àtàǹpàkò bẹnu, ó dojú kọ ẹnu ọ̀nà, kò ké. Mo rìn jáde jẹ́jẹ́. Mo lọ sẹ́yìn táńkì omi, mo jó. Alásè rí mi, ó ní ṣé eèrà ló wọ mí láṣọ ni.

Látìgbà náà ni mo ti ṣòfin. Nínú yàrá mi, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé òun ń bọ̀ tí kò bá ní padà kí iná tó kú nídìí ìkòkò. Mo ní bí ẹ bá ń lọ sùn, ẹ ní ó dàárọ̀. Bí ẹ bá ń lọ ibi tó jìn, tí ẹ kò mọ ìgbà tí ẹ ó tún ojú ọmọ rí, ẹ fi ìgboyà sọ pé ó dìgbóṣe. Pásítọ̀ fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Màmá, ẹ̀yin náà le jù. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.” Mo ní ẹyin lohùn, sà, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ó ní òun á rántí.

Bó ṣe wà nìyẹn títí ìròyìn ayọ̀ fi dé. Ẹ̀gbọ́n ìyá Bọ́tìnnì tẹ Pásítọ̀ láago pé òun ti ríṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sin adìyẹ, ọ̀gá òun ti fún òun ní yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé adìyẹ, ó sì ti gbà kí òun mú ọmọ wá. Ó ní Sátidé tó máa tẹ̀lé ìgbà tí àwọn àlejò bá lọ ni òun máa wá. Ara mi bù máṣọ. Ọmọ mélòó ló ń rí ẹni wá mú un lọ nínú ilé yẹn? Ojoojúmọ́ ni mo ń múra ọkàn ọmọ náà sílẹ̀.

“Bọ́tìnnì, ẹnìkan ń bọ̀ wá mú ẹ lọ sílé.”

“Ta ni?”

“Ẹ̀gbọ́n màmá ẹ.”

“Ṣé ó rẹwà?”

“Ó rẹwà gan-an.” Èmi tí n kò rí ju imú obìnrin náà lọ lábẹ́ aṣọ tó tutù.

Ó ti gbàgbé ojú rẹ̀ pátápátá. Àmọ́ ó mọ̀ pé ẹnìkan ń bọ̀, ó sì ń sọ ọ́ fún àwọn yòókù títí etí wọn fi di.

Inú ìgbà yẹn ni àwọn àlejò dé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n lò. Wọ́n kun ògiri yàrá mi ní ọ̀dà aláwọ̀ òféfèé, wọ́n ya oòrùn sí i, oòrùn náà ní ojú àti ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ògiri náà tutù o, ẹ jẹ́ kó gbẹ ná. Wọ́n ní kò séwu. Kí wọ́n tó lọ rárá, àgbọ̀n oòrùn ti ń ṣí bí èépá. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ lórin Jésù ń bọ̀ láìpẹ́, pẹ̀lú ọwọ́ jíjù. Bọ́tìnnì bi mí bóyá Jésù náà á gba ibi géètì wọlé, àbí ó ní kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀. Mo ní kó lọ sùn.

Ọ̀kan wà nínú wọn tí àwọn ọmọ ń pè ní Àǹtí Ẹlẹ́rìn-ín. Ọmọdébìnrin ni, kò lè ju àbígbẹ̀yìn mi lọ. Ẹ̀wù tó wọ̀ wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní bọ́tìnnì aláwọ̀ búlúù ńláńlá láti ọrùn dé ìsàlẹ̀. Bọ́tìnnì rí bọ́tìnnì, ọ̀rọ̀ bùṣe. Láti òwúrọ̀ títí di ìgbà oorun, ara àlejò yẹn ló wà. N kò ní purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ: ó nífẹ̀ẹ́ ọmọ náà. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀dí fún un. Nígbà tí ibà mú Bọ́tìnnì, ó gbé e lé àyà títí ó fi làágùn. Ká ní ẹ̀tàn ni, ì bá rọrùn fún mi. Ìfẹ́ náà kì í ṣe irọ́, ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn títí di òní.

Ó fẹ́ràn láti máa kọ́ èdè wa. Kì í béèrè, ó kàn máa ń tẹ́tí. Ohun tó sì ń gbọ́ ni pé, bí èmi bá ń jáde, màá ní mò ń bọ̀. Alásè ń lọ bu omi, ó ní òun ń bọ̀. Pásítọ̀ ń lọ dáhùn fóònù, “Mò ń bọ̀.” Ọmọ ń lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, ó ń bọ̀. Ọmọbìnrin náà wá rò pé ohun tí àwa ń sọ nìyẹn tí a bá ń dágbére. Ta ló fẹ́ dá a lẹ́bi? Nínú ilé wa, kò sí ẹni tó ń lọ tí kì í sọ ọ́.

Lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, a jẹun tán, ó dìde lórí àga, ó juwọ́ sí gbogbo ọmọ, ó kígbe, “Mò ń bọ̀ o! Mò ń bọ̀!” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo gbé abọ́ mi sílẹ̀. Mo pe Ògbufọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọmọkùnrin tí Pásítọ̀ máa ń gbà láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún àwọn àlejò.

“Ìwọ yìí, sọ fún ọmọbìnrin yẹn pé a kì í dágbére báyẹn. Ní kó sọ pé ó dìgbóṣe.”

“Màmá, ó dìgbóṣe máa le jù fún ahọ́n wọn, mà.”

“Ahọ́n tó ń pe Nebukadinésárì láìkọsẹ̀? Lọ sọ fún un, jàre.”

Ó lọ. Mo dúró níbi tí mo ti lè rí wọn. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ lé àyà, omi lé ròrò sí i lójú, òun wá sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ògbufọ̀ padà wá, ó ń họ orí.

“Kí ló wí?”

“Mo sọ ìtumọ̀ ẹ̀ fún un, mà. Ó ní ó tún wá dáa bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tó wà lọ́kàn òun gan-an nìyẹn. Ó ní nínú ẹ̀mí, òun ò lọ ibì kankan.”

“Nínú ẹ̀mí.”

“Bó ṣe wí nìyẹn, mà.”

“Padà lọ. Bi í bóyá nínú ara ló ń bọ̀ àbí nínú ẹ̀mí. Nítorí ọmọ tó wà lọ́hùn-ún yẹn, kò lè di bọ́tìnnì ẹ̀mí mú.”

“Ẹ dákun, Màmá. Ọ̀la ni wọ́n ń lọ. Ẹ má jẹ́ ká bà wọ́n lọ́kàn jẹ́.”

Mo tọ Pásítọ̀ lọ. Ó ní Màmá, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀. Mo padà sí yàrá mi, mo ń bá àwọn ọmọ ká aṣọ, mo sì ń ká a bí ẹni fẹ́ fà á ya.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n to àga sí àgbàlá. Pásítọ̀ wàásù lórí ìpínyà, ó ní nínú Kristi kò sí “ó dìgbóṣe”. Àwọn àlejò ṣe àmín tó mi ilé. Mo wo Pásítọ̀, ó wo ibòmíràn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí àlejò kọ̀ọ̀kan lọ gbá ọmọ tó bá sún mọ́ ọn mọ́ra. Ẹkún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń já ọmọ kúrò lọ́rùn àlejò bí ìgbà tí wọ́n ń já ẹ̀gún kúrò lára aṣọ. Àwọn tó ní fóònù ń ya fọ́tò.

Àǹtí Ẹlẹ́rìn-ín kúnlẹ̀ níwájú Bọ́tìnnì, ó di ojú rẹ̀ mú ní ọwọ́ méjèèjì. Ó wọ ẹ̀wù bọ́tìnnì búlúù yẹn, mo rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ wọ̀ ọ́ ni. Ó ní, “Mò ń bọ̀.”

Bọ́tìnnì ní, “Nígbà wo?”

Kò gbọ́ ìyẹn. Ó wo Ògbufọ̀. Ògbufọ̀ wo Pásítọ̀. Pásítọ̀ gbé ọwọ́ sókè, ó ní, “Láìpẹ́, lágbára Ọlọ́run!”

Ọmọ náà mi orí pé òun gbọ́. Ó ṣí ọwọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó fi bọ́tìnnì sílẹ̀. Kò sí ẹni tó já a kúrò. Gbogbo àwọn yòókù ń ké, òun nìkan ni kò ké, nítorí ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń wọ́ ẹni padà wá. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò ń ya fọ́tò rẹ̀, ó ń sọ fún Ògbufọ̀ pé ọmọ yìí mà gbọ́n o, ó mà ní sùúrù.  Mo wọ yàrá lọ, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀bá fèrèsé, mo bú gbogbo wọn ní ohùn jẹ́jẹ́.

Nígbà tí mo jáde, Bọ́tìnnì ti wà lẹ́nu géètì. Ó ti wá bókẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tí àwọn àlejò fi sílẹ̀, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó jókòó lé e lórí. Ó ń wo ojú títì láti àárín irin géètì.

“Wá jẹun.”

“Ẹ bá mi gbé e wá síbí. Àǹtí ń bọ̀.”

Bó ṣe ń jókòó síbẹ̀ nìyẹn. Lówùúrọ̀, kó tó fọ ẹnu, ó ti wà lórí bókẹ́ẹ̀tì. Bí ọkọ̀ bá kọjá, á dìde. Bó bá kọjá tán, á jókòó. Òjò rọ̀, mo gbé e wọlé lórí èjìká, ó ń ta ẹsẹ̀, ó ní wọn ò ní rí òun tí wọ́n bá dé. Mo bi í ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí mo ń fi aṣọ gbígbẹ nù ún, pé kí ló rò pé Àǹtí ń bọ̀ wá ṣe.

Ó wò mí bí ẹni wo òmùgọ̀. “Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́, mà. Ẹ ní ẹnìkan ń bọ̀ wá mú mi lọ sílé.”

Mo fi aṣọ náà bo orí rẹ̀, mo ń nu irun rẹ̀ lọ, kó má baà rí ojú mi. Ọmọ náà ti so méjèèjì pọ̀. Ta ni kò ní so ó pọ̀? Èmi ń sọ pé ẹnìkan ń bọ̀, ẹnìkan sì dìde, ó ní òun ń bọ̀. Ó yẹ kí n sọ òótọ́ fún un nígbà náà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní Àǹtí kò bọ̀, kí ni mo ń sọ nípa ọ̀rọ̀ tí mo fi ọṣẹ lójú sáré kọ́ ọ? Mo ní bí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ bá dé, tó rí i, ẹ̀jẹ̀ á pe ẹ̀jẹ̀. Mo ń tan ara mi.

Lọ́jọ́ Sátidé, obìnrin náà dé. Ẹsẹ̀ ló fi rìn láti oríta. Ó ti wẹ̀, ó ti kun pọ́ńdà, síbẹ̀ òórùn ìgbẹ́ adìyẹ ṣì wà lára rẹ̀ díẹ̀, irú òórùn tí kì í tán. Ó gbé páálí kan dání, ẹyin ló wà nínú rẹ̀, ó fi lẹ́búlẹ́bú pákó tẹ́ abẹ́ rẹ̀, orí ẹsẹ̀ ló gbé e lé nínú ọkọ̀ láti ibi tó ti ń bọ̀. Ó ní kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀kan fọ́. Kò sí èyí tó fọ́. Ó tún mú sálúbàtà ọmọdé kan jáde nínú báàgì, tuntun, ó ní ojú ni òun fi díwọ̀n rẹ̀ lọ́jọ́ tí òun gbé e wá. Mo wo sálúbàtà náà, mo mọ̀ pé kò lè wọ ọmọ náà mọ́. 

“Òun nìyẹn lórí bókẹ́ẹ̀tì?” Ó ti ń rẹ́rìn-ín. “Ó ti ga! Ó mọ̀ pé mò ń bọ̀, àbí? Ẹnu géètì ló jókòó sí dè mí!”

 Kí n tó rí nǹkan wí, ó ti sáré lọ, ó ti kúnlẹ̀ sínú eruku, ó la ọwọ́ méjèèjì.

“Ọmọ àbúrò mi.”

Bọ́tìnnì na ọrùn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ sún díẹ̀. Ẹ ń dí mi lójú.”

Obìnrin náà sún. Ó rò pé eré ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe eré, ọwọ́ rẹ̀ tó là wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́, ó fi sálúbàtà hàn án, ó pe orúkọ ìyá rẹ̀ fún un. Ọmọ náà fi àáké kọ́rí. Ó ní òun kò lè bá wọn lọ, òun ń retí ẹnìkan, ẹni náà ti ní òun ń bọ̀.

“Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀,” ni obìnrin náà ń sọ. “Èmi ni. Ọjọ́ tí mo fi ẹ́ síbí, létí ẹ báyìí ni mo ti sọ ọ́. Màmá, ẹ bá mi sọ fún un. Ẹ rí mi lọ́jọ́ náà.”

“Mo rí yín.”

Pásítọ̀ jáde sí wa. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó fa irùngbọ̀n. “Kò dáa ká fi ipá mú ọmọ,” ló wí. “Ẹ jẹ́ kó ṣì wà ní ọ̀dọ̀ wa. Àwọn àlejò fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, wọ́n ní ká máa fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Àwọn mìíràn ń bọ̀ lópin ọdún. Ìyá, ẹ lè padà wá nígbà mìíràn.”

“Nígbà mìíràn wo, sà?” Ohùn obìnrin náà já. “Ọ̀sán òní ni mo gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀. Adìyẹ ò mọ ìsinmi, àfẹ̀mọ́júmọ́ ni mo ń fún wọn lóúnjẹ. Ọ̀gá mi ní bí mo bá sun ìta lónìí, kí n má wulẹ̀ padà. Bí iṣẹ́ yẹn bá lọ, yàrá yẹn lọ. Bí yàrá yẹn bá lọ, inú òjò yẹn náà ni mo tún fẹ́ mú un lọ?”

Pásítọ̀ ní ká gbàdúrà. Mo ní ẹ máa gbà á lọ, sà, mò ń bọ̀.

Mo lọ sẹ́nu géètì, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bókẹ́ẹ̀tì. Orúnkún mi ń dùn mí. Ojú títì mọ́ lóló, kò sí ọkọ̀ kankan.

“Bọ́tìnnì.”

“Mà.”

“Àǹtí ò bọ̀.”

“Ó ní òun ń bọ̀.”

“Ó sọ ọ́. Kò bọ̀.”

Ó yí ojú sí mi. “Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹni tó bá ní òun ń bọ̀, ó ń bọ̀ ni.”

“Mo sọ ọ́.”

 Ó rọra bi mí, bí ìgbà tí àwọn ọmọ yàrá mi ń bi ara wọn, “Ṣé ó ti kú ni?”

Nílé wa, ẹni tí kò padà ti kú ni. Ìyẹn nìkan ni ìdí tí àwọn ọmọ mọ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, ó wá sí mi lẹ́nu kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ì bá rọrùn fún èmi, ì bá rọrùn fún òun, ọ̀rọ̀ wa ì bá sì wà láìfọ́. Ṣùgbọ́n mo ti sin òkú púpọ̀ jù fún àwọn ọmọ yẹn láti wá sin ẹni tó wà láàyè.

“Kò kú. Ó wà nílé ẹ̀. Ara ẹ̀ le, ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín.”

“Ó wá ní òun ń bọ̀, kò sì bọ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Irọ́ ni?”

Mo fẹ́ sọ pé kò mọ̀ pé irọ́ ni. Mo fẹ́ sọ pé nínú ẹ̀mí. “Irọ́ ni, ọmọ mi.”

Kò sunkún. Ó dìde lórí bókẹ́ẹ̀tì, ó fọwọ́ gbọn eruku ìdí rẹ̀. Ó rìn lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ níbi tí Pásítọ̀ ti ń gbàdúrà lọ́wọ́, ó na ọwọ́ sí àyà obìnrin náà, ó ń wá bọ́tìnnì. Ẹ̀wù tí wọ́n ń wọ̀ láti orí ni, kò ní bọ́tìnnì. Ó di aṣọ náà mú bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà ń sunkún, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó wọ sálúbàtà fún un, gìgísẹ̀ ọmọ náà wà nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Pásítọ̀ ní ẹ ò rí i, àdúrà gbà.

Mo sìn wọ́n dé gáréèjì. Ọmọ náà kò bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́nà. Mo ti múra pé bó bá bi mí bóyá mo máa wá wò ó, màá sọ òótọ́, pé ibẹ̀ jìn, pé mi ò mọ̀. Kò bi mí. Mo ti mú “ó dìgbóṣe” sẹ́nu láti ilé, n kò rí ibi tí mo fẹ́ sọ ọ́ sí.

Wọ́n rí àyè lẹ́bàá fèrèsé. Obìnrin náà gbé Bọ́tìnnì jókòó, ó gbé báàgì lé e lẹ́sẹ̀, ó tún aṣọ ọrùn rẹ̀ ṣe fún un. Ẹni tó ń ta omi wà lódì kejì, kò jìn rárá. Obìnrin náà ní, “Jẹ́ kí n ra omi fún wa. Mò ń bọ̀.”

Igbe náà bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ igbe yẹn. Òun náà ni, ti ọjọ́ àkọ́kọ́, bí ẹni tí iná ń jó. Gbogbo èrò ọkọ̀ yíjú. Dírẹ́bà ní kí lẹ fi ṣe ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ náà ti di èjìká ẹ̀wù obìnrin náà mú lọ́wọ́ méjèèjì, ibi tí wọ́n ti rán an ti ń ya.

“Kí ló dé? Omi lásán ni! Ibẹ̀ yẹn nìyẹn, wò ó! Mo ní mò ń bọ̀!” Bó ṣe ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni igbe ń ga. “Mò ń bọ̀, ọmọ mi, mò ń bọ̀!”

Mo sáré ra omi náà fúnra mi, mo tì í wọlé láti ojú fèrèsé. Dírẹ́bà ti ṣáná sí ọkọ̀. Mo di irin fèrèsé mú, mò ń bá ọkọ̀ rìn.

“Ẹ gbọ́. Ẹ má sọ ọ́ fún un mọ́.”

“Kí ni, mà?”

“Pé ẹ ń bọ̀. Ẹ má sọ ọ́ rárá. Ẹ ṣáà máa padà dé.”

N kò mọ̀ bóyá ó gbọ́ mi. Ọkọ̀ ti ń sáré, ọmọ náà sì ń ké.